Ẹgbẹ́ Akósítáǹpùjọ Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Olóòtú ní kí n kọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo lọ kí ọmọbìnrin mi kú ewu ọmọ. Ìròyìn ìsọmọlórúkọ náà ti wà lójú ewé àwọn ìdílé, n kò ní tún un kọ. Àwọn tí ó lọ ṣáájú mi sì ti ròyìn ààfin ọba àti aago ńlá, wọ́n ti ròyìn ọjà Peckham níbi tí ènìyàn ti lè ra èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti pọ̀nmọ́ bí ẹni pé Tẹ́mínọ́ọ̀sì ni ó wà. Ohun tí èmi fẹ́ sọ kéré ju gbogbo ìyẹn lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, yóò gbé e lọ. Sítáǹpù ni, àti ẹgbẹ́ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ dúró ná. Ẹgbẹ́ náà ti lé ní 150 ọdún. Ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ti ṣe ààrẹ rẹ̀ kí ó tó gun orí ìtẹ́. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ tí a mọ̀ ni ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Àwa tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní nǹkan bí 1957 mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà náà, ọmọdé tí kò bá ní bọ́ọ̀lù, ó ní ìwé tí ó lẹ sítáǹpù mọ́. Àwọn sítáǹpù tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 1953 ni a ń dù mọ́ ara wa lọ́wọ́. Maurice Fievet ni ó ya àwòrán wọn. Orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n orí ọbabìnrin kọ́ ni àwa ń wò. Owó àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní mànílà ni ó wà lára ti ẹ̀pìnnì. Àwọn ẹlẹ́ṣin Bọ̀rnó wà lára ti kọ́bọ̀. Òkìtì ẹ̀pà Kano wà lára ti kọ́bọ̀ kan àti ẹ̀pìnnì. Ti kọ́bọ̀ méjì ni tiwa, nítorí kùsà tíìnì ni wọ́n yà sí i, àwa ọmọ Jos a sì máa fi í ṣe fáàrí sí àwọn ọmọ tí ó bá ti Kano wá lo ọlidé; àwọn náà a fi òkìtì ẹ̀pà wọn dá wa lóhùn. Kòkó wà lára ti kọ́bọ̀ mẹ́rin, orí idẹ Ifẹ̀ sì wà lára ti sísì. Ti pọ́n-ùn kan, tí Èkó àtijọ́ àti Èkó tuntun wà lára rẹ̀, ojú wa kò tó o. Ta ni yóò na odidi pọ́n-ùn kan lórí lẹ́tà tí ó ń bọ̀ ní Jos?

Èyí tí àwọn òbí wa fẹ́ràn jù ni ti tọ́rọ̀, nítorí afárá Jẹ́bà ni ó wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni nínú wọn tí kò mọ afárá náà. Ní 1916 ni wọ́n parí rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá odò Ọya. Bàbá mi a máa sọ pé, nígbà tí òun ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, orí afárá yẹn ni òun ti wẹ̀yìn, tí òun sì mọ̀ pé òun ti kúrò nílé ní tòótọ́. Nígbà tí sítáǹpù náà jáde, ó ra méjì, ó fi ọ̀kan sínú Bíbélì rẹ̀ láìlò ó rárá. Ìyá mi ní tọ́rọ̀ ló fi ṣòfò yẹn.

Nítorí náà ni mo fi sọ fún ọkọ ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó bi mí lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn pé, “Bàbá, níbo ni ẹ fẹ́ kí n mú yín lọ?” pé kí ó mú mi lọ sí Birchin Lane. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun ti gbé ìlú yìí fún ọdún méjìlá, òun kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí. Mo ní èmi gbọ́ ọ láti Jos.

A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Peckham Rye dé London Bridge, a sì fi ẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá odò Thames. Apá ibi tí a dé yẹn ni wọ́n ń pè ní Síítì, níbi tí àwọn báńkì wà. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ènìyàn a máa gbá ènìyàn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dà bí ọjà tí òjò ti tú ká. Àwọn ọ̀nà tóóró pọ̀ níbẹ̀ bí ti àárín ilé àwọn ará wa ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ti lẹ̀ fi òkúta àti gíláàsì kọ́ ilé gbogbo. A kọjá sí Lombard Street. Ẹ rántí orúkọ yẹn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní òpópó náà láti 1678 títí di 1829, kí wọ́n tó kó o lọ sí ibòmíràn. Láti ibẹ̀ ni Birchin Lane ti yà lọ sí Cornhill. Ọ̀nà tóóró ni. Bí ẹni mẹ́rin bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ti dí i.

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ ibi tí sítáǹpù ti wá. Kí ó tó di 1840, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ni ó ń san owó rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọ̀nà bá sì ṣe jìn tó ni owó ṣe ń wọ́n tó. Aláìní a wo lẹ́yìn lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ kọ, a dá a padà fún akólẹ́tà, nítorí kò ní ohun tí yóò san. Ní 1837 ni Rowland Hill kọ ìwé kékeré kan pé kí ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa sanwó ṣáájú, kí owó náà sì jẹ́ kọ́bọ̀ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ọ̀nà jíjìn tàbí ìtòsí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ kà á sí àlá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1840, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta sítáǹpù àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé, dúdú ni, orí Ọbabìnrin Victoria sì wà lára rẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ ìlú sí i, nítorí ìlú mìíràn kò tíì ní irú rẹ̀; títí di òní olónìí, sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì kì í ní orúkọ ìlú. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní dúdú yẹn lé ní mílíọ̀nù 68, nítorí náà kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n bí àwọn kan ti ń rò. Ohun tí ó jẹ́ kí ó níyì ni pé òun ni àkọ́bí.

Bí ohun gbogbo tí ó jẹ́ tuntun, àwọn kan ya wèrè sí i. Ní 1841, ìkéde kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Times, tí ọ̀dọ́bìnrin kan fi ń bẹ aráyé kí wọ́n bá òun kó sítáǹpù tí a ti lò jọ, nítorí òun fẹ́ fi wọ́n bo ògiri yàrá tí òun ti ń múra. Ó ní òun ti kó 16,000 jọ. N kò mọ ẹni tí ó fẹ́ ẹ sílé, ṣùgbọ́n mo bá ọkọ náà kẹ́dùn.

Nígbà tí yóò fi di 1862, ìkójọpọ̀ sítáǹpù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ògiri. Birchin Lane yìí ni àwọn akósítáǹpùjọ ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́, ní ìta gbangba, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin. Olúkúlùkù a mú ìwé rẹ̀ dání, a ṣí i, a máa pe ohun tí ó ní àti ohun tí ó ń wá, bí ìgbà tí àwọn aláṣọ bá ń polówó. Ọmọ ilé-ìwé a fi ti Mauritius gba ti Cape lọ́wọ́ lọ́yà. Wọ́n dí ọ̀nà pátápátá. Àwọn ọlọ́pàá kò fẹ́ràn rẹ̀, wọn a lé wọn kúrò; bí ọlọ́pàá bá yí ẹ̀yìn padà, wọn a tún péjọ sí igun kejì. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọkọ ọmọ mi níbi tí a dúró sí, ó wo òkè wo ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, àwọn òyìnbó náà ti jẹ́ alátẹ rí nìyẹn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn àgbàlagbà tí ojú tì láti dúró ní ìgboro pẹ̀lú ọmọdé wá ibòmíràn. Àlùfáà kan wà tí ń jẹ́ Francis John Stainforth, tí ń ṣọ́ ìjọ All Hallows Staining, ìrìn díẹ̀ sí Birchin Lane ní apá ìlà-oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbójú akósítáǹpùjọ, ó sì ṣí ilé rẹ̀ fún wọn ní ọ̀sán Sátidé. Adájọ́ ọjọ́ iwájú wà níbẹ̀, ìyẹn Frederick Philbrick. Sir Daniel Cooper wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe alága ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àkọ́kọ́ ní New South Wales ní Ọsirélíà, tí ó sì kó owó ńlá bọ̀ wálé. Ẹ fojú inú wò ó: àlùfáà, lọ́yà, olówó, gbogbo wọn tẹ orí ba lórí tábìlì kan, wọ́n ń fi gíláàsì wo ìwé tí kò tó èékánná méjì. Stainforth kú ní 1866. Wọ́n wó ilé ìjọsìn rẹ̀ ní 1870, ilé ìṣọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Àwọn tí ó ti jókòó ní tábìlì yẹn wà nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin 1869, tí wọ́n pè é ní Philatelic Society, London. Sir Daniel Cooper ni ààrẹ àkọ́kọ́, Philbrick sì jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń pè é ní wèrè sítáǹpù. Èyí kò dùn mọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Georges Herpin nínú. Ní 1864 ó wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ó so wọ́n pọ̀: ìfẹ́, àti ohun tí a kò gba owó lórí rẹ̀ mọ́. Nítorí pé a ti lẹ sítáǹpù mọ́ lẹ́tà, ẹni tí ó gbà á kò ní sanwó. Ó sì jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún mi pé nínú gbogbo ohun tí a lè fi pe sítáǹpù, ìdẹ̀ra ẹni tí ó gba lẹ́tà ni ó gbé sínú orúkọ.

N kò ní tàn yín jẹ. Ẹgbẹ́ olówó ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Birchin Lane kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi pẹ́. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ìwé ìròyìn wọn, The London Philatelist, bẹ̀rẹ̀ ní 1892, ó sì ń jáde títí di ìsinsìnyí. Ní 1890, tí owó kọ́bọ̀ kan Rowland Hill pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Duke ti Edinburgh, ọmọ Ọbabìnrin Victoria, ni ó ṣí i, akósítáǹpùjọ ni òun náà, ó sì fi ìdùnnú sọ fún àwùjọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, George, ń kó jọ pẹ̀lú.

George yìí ni ó di ààrẹ ẹgbẹ́ ní 1896. Kì í ṣe ààrẹ orí ìwé lásán. Ní 1904, wọ́n gbé sítáǹpù Mauritius kan fún títà ní gbàǹjo, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí erékùṣù náà tẹ̀ ní 1847. Wọ́n rà á ní £1,450. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ ààfin kan lọ bá George láràárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi í bóyá ó ti gbọ́ pé òmùgọ̀ kan ná irú owó bẹ́ẹ̀ lórí sítáǹpù kan ṣoṣo. George dá a lóhùn pé òun ni òmùgọ̀ náà. Ní 1906, ọba Edward Keje, bàbá rẹ̀, fún ẹgbẹ́ ní àṣẹ láti máa fi “Royal” ṣáájú orúkọ wọn. Ní 1910 George di ọba, ó fi ipò ààrẹ sílẹ̀, ó di alátìlẹ́yìn. Sítáǹpù Mauritius náà ṣì wà nínú àkójọ ìdílé ọba.

Ibi tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1894 láti yẹ sítáǹpù wò. Ibi tí owó bá wà, ayédèrú kò ní pẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn tí ń ta ère “àtijọ́” fún òyìnbó ní ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí mo ń sọ. Ìgbìmọ̀ yìí ń wo irú ìwé tí wọ́n fi tẹ sítáǹpù, àmì omi inú rẹ̀, ihò etí rẹ̀, yíǹkì rẹ̀, àti òǹtẹ̀ tí pósítọ́fíìsì lù mọ́ ọn. Wọn a kọ ìwé ẹ̀rí pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Ẹ wo ti Èkó: sítáǹpù Èkó àkọ́kọ́ jáde ní 1874. Ní 1893, ti ẹ̀pìnnì tán nílẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò kó òmíràn bọ̀ láti ìlú òyìnbó kò lè fò. Kí ni wọ́n ṣe ní Èkó? Wọ́n mú ti kọ́bọ̀ mẹ́rin, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ọ̀rọ̀ méjì gàdàgbà sórí rẹ̀ pé “HALF PENNY”, wọ́n sì ń tà á bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n kí iṣẹ́ má dúró ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ̀ lórí ohun tí a ti tẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ lè tẹ irú rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lóru. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi gbogbo ọ̀sán wò.

Ní apá Àríwá tiwa níhìn-ín, sítáǹpù Northern Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 1900. Ní 1904 wọ́n ṣe ọ̀kan tí iye rẹ̀ jẹ́ £25. Mo bẹ̀ yín, irú lẹ́tà wo ni ìyẹn? Iṣẹ́ owó ìjọba ni, kì í ṣe ti lẹ́tà ìyá sí ọmọ, ó sì wà lára àwọn tí àwọn olówó ń fi ojú inú wá títí di òní. Nígbà tí wọ́n da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914 ni sítáǹpù tí a kọ “Nigeria” sí bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó tẹ ìwé tí Jack Ince àti John Sacher kọ jáde ní 1992, lórí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní agbègbè Nàìjíríà ṣáájú 1914. Ohun ìtìjú díẹ̀ ni fún mi pé ibẹ̀ ni mo ní láti lọ wá ìtàn pósítọ́fíìsì ìlú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin mi fúnra rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n, ó mú mi lọ sí British Library. Níbẹ̀ ni àkójọ Thomas Tapling wà. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni, igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ yìí sì ni pẹ̀lú. Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí ó kú ní 1891. Ó ti fi gbogbo sítáǹpù rẹ̀ sínú ìwé ìpíngún fún British Museum. Wọn kò tú u ká, wọn kò tà á. Ènìyàn ń fa férémù gígùn jáde láti inú ògiri bí ìgbà tí a ń fa dúrọ́ọ̀, sítáǹpù gbogbo ayé títí di ìgbà ayé rẹ̀ a sì yọ sí ọ. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Ọmọ ẹ̀yìn sùn.

Níbẹ̀ ni mo ti wo ohun kan tí mo ti ń yẹra fún láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Kì í ṣe sítáǹpù nìkan ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń tọ́jú. Wọ́n ń tọ́jú àpò lẹ́tà pẹ̀lú, odindi, bí ó ti dé: orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí, sítáǹpù ní igun, òǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì tí ìdajì rẹ̀ wà lórí sítáǹpù, tí ìdajì wà lórí ìwé. Àwọn ará Birchin Lane kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi omi ṣí i, wọ́n ń ju àpò nù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó wá rí i nígbà tó yá pé, bí ẹ bá ya sítáǹpù kúrò, ẹ ti gbà á lẹ́nu ọ̀rọ̀: kò lè sọ ọjọ́ mọ́, kò lè sọ ọ̀nà tí ó gbà mọ́.

Ní 1957, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú sáásì àti abọ́ omi kan, àti páànù bísíkítì tí bàbá mi ń kó lẹ́tà sí. Ó lọ sí ọjà. Mo gé gbogbo rẹ̀ tán. Àpò lẹ́tà lọ sí ààtàn. Lẹ́tà inú wọn ni mo dá padà sínú páànù, mo rò pé n kò ṣe ohun búburú kankan. Ìyà kékeré ni mo jẹ nígbà tí bàbá mi dé, nítorí òun náà kò kà á sí ohun púpọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà ni bàbá mi àgbà fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ogun Hitler, pé ìyàwó tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní ilé ti bí ọmọbìnrin, kí ó fi orúkọ ránṣẹ́, kí ó sì fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n bí yẹn. Akọ̀wé tí ó bá wọn kọ ọ́ kò kọ ọjọ́ sí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ọmọ mi ọ̀wọ́n”. Kò sí ìwé ìbí. Ẹ̀gbọ́n mi di olùkọ́, ó sì ṣiṣẹ́ títí. Nígbà tí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀, àríyànjiyàn dé lórí ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òun sọ ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti sọ fún un. Ìwé ìdánwò kan tí ẹnìkan ti méfò ọjọ́ orí rẹ̀ sí sọ òmíràn. Wọ́n bèèrè ẹ̀rí. Ó mú lẹ́tà bàbá wa àgbà wá. Wọ́n kà á, wọ́n ní lẹ́tà dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ dà? Wọ́n gba ọdún ti ìwé ìdánwò. Ọdún méjì owó oṣù lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìpín tí ó yẹ kí ó kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Sítáǹpù lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orí Ọba George Kẹfà ni. Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ kedere: lẹ́tà orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní “Ogbomosho”, àti “19”. Lẹ́yìn “19”, etí sítáǹpù ni. Àwọn nọ́ńbà méjì tí ó kù wà lórí àpò tí mo jù sí ààtàn. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà rí. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́, níbi ìsìnkú ìyá wa, ó ní, “Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ni ọdún mi wà.” Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Láti 1869, yàrá àyágbé ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń kó láti ibìkan dé ibìkan bí ayálégbé gbogbo. Ní 1925 ni wọ́n tó ní ilé, nọ́ńbà 41 ní Devonshire Place. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 56. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan nínú wa tí ń kùn ní gbogbo ìpàdé pé owó gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ti pẹ́ jù. Wọ́n gbé ibẹ̀ títí di 2019, wọ́n kó lọ sí nọ́ńbà 15 ní Abchurch Lane, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sì wá ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Abchurch Lane yìí bẹ̀rẹ̀ láti Lombard Street. Bí ẹ bá dúró ní ẹnu Birchin Lane, tí ẹ sì wo òdìkejì, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Wọ́n rìn yí ìlú ká fún 157 ọdún, láti ibi tí ọlọ́pàá ti ń lé wọn, wọ́n sì padà sí ìtòsí ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a lọ, a rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó tì. Mo yẹ kí n ti mọ̀. Àwọn òyìnbó kì í ṣí irú ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọkọ ọmọ mi ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ni ó tì í. Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, kí ó sáà yà mí ní fọ́tò. Mo mú sítáǹpù Ọba George jáde láti inú àpò aṣọ mi, nínú ìwé pélébé tí mo fi wé e láti Jos, mo dì í mú sí àyà mi níwájú ilẹ̀kùn náà.

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ayé ti di èyí tí fọ́tò ń ṣáájú ẹni délé láìlo sítáǹpù. Kí a tó padà dé orí afárá, fóònù dún. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi, kò bèèrè ọmọ tuntun. Ó ní, “Ìwọ, àwọn òyìnbó yẹn tí wọ́n gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá mi rí ìdajì kejì.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn lónìí.” Ó ní kí n padà lọ ní ọjọ́ Ajé.